Omi Tí Akọ̀wé Ìlú Mu ní Bẹyẹrúnkà

Ẹ súnmọ́ bí. Múdà, pe àwọn àbúrò rẹ tó ń tẹ fóònù lẹ́yìnkùlé yẹn náà wá. Mo mọ ohun tí ẹ ti ń sọ láti àná. Ẹ ní nígbà tí obìnrin káńsù yẹn ń sọ̀rọ̀ gọ́tà lójúde wa, tí gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́, èmi nìkan ni mo jókòó tí mò ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń rìn ní ìgbáròkó. Ẹ ní ọjọ́ ogbó ti dé sí mi. Kò tíì dé. Ó kan ilẹ̀kùn níjọ́ kan, mo ní kí wọ́n sọ fún un pé mi ò sí nílé.

Omi ló pa mí lẹ́rìn-ín. Màá sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, nítorí ojú tí ẹ fi ń wo Bẹyẹrúnkà lónìí, kò lè rí èyí tí mò ń sọ.

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, kì í ṣe àkùkọ ló ń jí wa ní àdúgbò yìí. Garawa ni. Kí wọ́n tó kírun àsùbáà tán, wàá ti máa gbọ́ garawa tó ń lu ara ògiri, gbàn, gbàn, okùn kànga á máa dún lójú òkúta, ọmọ kan á máa sunkún níbì kan nítorí pé wọ́n rán an lódò. Láti ìsàlẹ̀ Ọjà'ba, ohùn àwọn ẹlẹ́kọ á máa gòkè bọ̀. Lápá Bẹẹrẹ, bọ̀lẹ̀kájà á fọn fèrè, gbogbo ajá á dá a lóhùn. Òrùlé páànù tó dípẹtà yìí ni tiwa náà nígbà yẹn. Ìyẹn nìkan ni kò yí padà. Lónìí, jẹnẹrétọ̀ ló ń jí wa, àbí fóònù Múdà tó ń kọrin bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn.

Káńsù ìgbà náà wà ní Mápó, lórí òkè níbẹ̀. Àwọn kánsílọ̀ tí a dìbò yàn ń wọlé, wọ́n ń ṣèlérí, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n sì ń lọ kí àwọn mìíràn lè wá bú ara wọn. Ẹnì kan ni kì í bá wọn lọ, òun ni Akọ̀wé Ìlú. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín jẹ, kì í ṣe ìwé nìkan ló ń kọ. Òun ló ń bá ìlú tún ilé rẹ̀ ṣe. Bí gọ́tà bá dí ní Ìdí Àrẹrẹ, wọ́n á ranṣẹ́ sí i. Bí ẹran bá kú sójú títì ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, òun ni yóò wá ẹni tí yóò gbé e. Kánsílọ̀ á ní kí wọ́n kọ́ ìsọ̀ ọjà, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á lọ jẹun. Akọ̀wé Ìlú ni yóò dúró nínú oòrùn wo ibi tí ìsọ̀ iṣu yóò wà tí kò fi ní í bá ti ẹran jà. Ìjọba ló ń sọ pé kí nǹkan ṣẹlẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kó ṣẹlẹ̀.

Múdà ní lóde òní, máníjà ìlú ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lókè òkun. Ó dáa. Àwa ń pè é ní Afẹsẹ̀rìnlú. Káńsù fún un ní mọ́tò, dírẹ́bà rẹ̀ ló ń sùn nínú ẹ̀. Òun á máa fẹsẹ̀ rìn. Ó lẹ irin mọ́ gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀, bí ó bá ti ń bọ̀, wàá gbọ́ kó, kó, kó, láti orí òkè wá. Ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn. Ẹ sì mọ ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ, pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì. Ó jọ pé torí ìyẹn gan-an ni wọ́n ṣe fi àjèjì síbẹ̀. Kò ní agbo ilé kankan tí yóò gbè sẹ́yìn nínú ìlú yìí.

Mo bẹ̀rù ọkùnrin yẹn. Kò ṣe mí ní nǹkankan rí o. Mo ti ń dá iṣẹ́ aránṣọ ṣe, irùngbọ̀n ti kún àgbọ̀n mi, síbẹ̀ bí mo bá ti gbọ́ kó, kó, kó, màá tẹrí ba sórí máṣínì, màá máa rán ohun tí kò ya. Níjọ́ kan, kí n tó gbójú sókè, mo ti rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò oníbàárà pọ̀ mọ́ra wọn. Ẹni tó ni í gbé e sókè, ó wò ó títí. Ó ní, "Télọ̀, ṣé ẹja ni mí?"

Àlàájà mi ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá. Ẹ má dá a lóhùn. Tirẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Ilé tí a wà yìí, ilé Ẹlẹ́ní, àwọn baba wa hun ẹní títí ẹní fi di orúkọ wa. Èyí tó kọjú sí wa yẹn ni ilé Alágbẹ̀dẹ. Ọ̀nà tóóró yìí nìkan ló wà láàárín wa. Bí ẹnì kan bá sín níhìn-ín, ẹni ọ̀hún lè kí i pé kú ewu. Ṣùgbọ́n wọn kì í kí i. Àgbò ló fà á. Àgbò Iléyá wa já okùn, ó sọdá. Nígbà tí a fi máa wá a dé ọ̀hún, ọbẹ̀ ti ń hó. Wọ́n ní àgbò tiwọn ni, òun náà funfun, òun náà ní ìwo kan tó wọ́. Bóyá òótọ́ ni. Ta ló lè dá àgbò mọ̀ nínú ọbẹ̀?

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹ káàárọ̀, kò sí ẹ káalẹ́. Èyí tó wá burú jù, a kì í mu omi ara wa. Ẹ̀yin ń ra omi inú ọ̀rá, ẹ ò lè mọ bí ìyẹn ṣe wúwo tó. Nígbà tiwa, ẹni tó bá wọlé rẹ, kó o tó bi í pé kí ló gbé e wá, wàá kọ́kọ́ fún un lómi. Bó bá mu ún, ọ̀rẹ́ ni. Bó bá kọ̀ ọ́, ó ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán.

Ọ̀rọ̀ páànpù ló wá dé. Káńsù fẹ́ ri ẹ̀rọ omi kan sí àdúgbò wa, ẹyọ kan péré, yóò sì dúró lójúde ẹnì kan. Wọ́n ní Akọ̀wé Ìlú fúnra rẹ̀ ń bọ̀ wá wo ibi tó tọ́ sí. Ẹ má rò pé òùngbẹ ń gbẹ wá. A ní kànga láàárín ọgbà, kò gbẹ rí lójú ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tó ń jẹ wá lọ́kàn ni pé bí páànpù bá lọ dúró lójúde ilé Alágbẹ̀dẹ, àwọn obìnrin wa ni yóò máa gbé garawa lọ síbẹ̀ láràárọ̀, tí wọ́n á máa kúnlẹ̀ kí wọn. Mógàjí wa, olórí agbo ilé, bàbá gíga kan tí ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń yí òkúta, ní kí ojú òun tó rí ìyẹn, kó kọ́kọ́ fọ́.

Ó pe gbogbo ilé jọ. "Ẹni tí kò ní omi ni wọ́n máa gbé omi fún," ó wí. "Àwa ò ní omi."

Bàbá Ràfátù, tó máa ń sọ òótọ́ bí ẹni tí èébì ń gbé, ní, "Baba, kànga ńkọ́?"

"Kànga wo?" ni Mógàjí wí. "Ìwọ rí kànga níbí?"

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bo kànga. A tẹ́ pákó lé e, ẹní la sì mọ̀ ọ́n ṣe, a tẹ́ ẹní lé pákó, ẹní lórí ẹní, ó dùn ún wò bí ibi ìjókòó ìyàwó. Mógàjí ní kí ìyá òun, Ìyá Àgbà, jókòó sórí rẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, torí Akọ̀wé Ìlú ò ní í ní ojú láti sọ pé kí irú arúgbó bẹ́ẹ̀ dìde. A da ojú ìkòkò dé sí ìta gbangba. Wọ́n ní kí àwọn ọmọdé máa lá ètè. Ọ̀kan nínú wọn ṣe é kọjá bó ṣe yẹ, ó ṣubú lulẹ̀, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ. Mógàjí fi ọ̀pá tọ́ ọ. "Dìde jàre. Òùngbẹ la ní, a ò ní ikú."

Ta ni yóò wá bá Akọ̀wé Ìlú sọ̀rọ̀? Ojú gbogbo wọn bọ́ sí mi lára.

"Ìwọ lo kàwé dé sítáńdáàdì fóò," Mógàjí wí. "Lóyìnbó ni kó o sọ ọ́, kó lè wọ̀ ọ́ lára."

"Baba, mi ò parí ẹ̀."

"Èyí tó o bá mọ nínú ẹ̀, kó gbogbo ẹ̀ jáde."

Ẹ ò rí mi lọ́sẹ̀ yẹn. Mo ń rán aṣọ, ètè mi ń jó: "Wi áfù no wọ́tà, sà. Wi áfù no wọ́tà." Oníbàárà kan rò pé àdúrà ni, ó ṣe àmín.

Ọjọ́ pé, a gbọ́ kó, kó, kó. Mo tún fìlà mi dé. Ó wọlé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú ṣòkòtò penpe àti ìbọ̀sẹ̀ gígùn, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Mógàjí.

"Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin baba mi. Ẹ kú ìjókòó, Ìyá."

Ó fi Yorùbá tó tutù sọ ọ́. Gbogbo òyìnbó tí mo kó jọ há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Mógàjí gún mi níhà. Mo ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, sà, kò sí omi nílé wa, sà. Kò sí ẹ̀kán. Bó ṣe rí nìyẹn, sà, a ò mọ ohun tí à ń pè lómi mọ́."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ó wí. Ó fi áńkáṣíìfù nu iwájú orí. Oòrùn ọjọ́ náà ò ṣàánú ẹnikẹ́ni.

Ibẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́. Mógàjí wo òógùn tó ń kán lágbọ̀n àlejò. Kò rò ó, ẹnu ló gbé e. Àádọ́rin ọdún tó ti ń gba àlejò ló sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀yin obìnrin, kí lẹ̀ ń wò? Ẹ fún àlejò lómi!"

Àwọn obìnrin náà ò rò ó. Ìyá Ràfátù ti sáré wọlé, ó gbé igbá jáde, omi inú àmù, tútù rinrin, ó kún dé ẹnu. Ó kúnlẹ̀. Orogún rẹ̀ ò lè gbà kó jẹ́ pé òun nìkan ló ṣe é, òun náà gbé tiẹ̀ dé. Ẹ̀kẹta gbé omi ìṣansẹ̀ wá nínú ọpọ́n. Kí n tó ṣẹ́jú, omi yí Akọ̀wé Ìlú ká bí ẹni tó ń bọ̀ láti Mẹ́kà. Èmi ṣì dúró, ẹnu mi ṣì là sílẹ̀ lórí "a ò mọ ohun tí à ń pè lómi mọ́."

Ó gba igbá, ó mu ún. Ó gba èkejì, ó tọ́ ọ wò. "Omi yín tutù," ó wí. "Ibo lẹ ti ń pọn ọ́n?"

Mógàjí wo mí. "Ọ̀nà tó jìn ni, sà," mo wí.

"Ọ̀nà wo ló jìn bẹ́ẹ̀?"

"Ó jìn gan-an ni, sà."

Kọ̀ǹkọ̀ kan ń gbé inú kànga wa láti ìgbà ọmọdé mi. Àfi ìgbà yẹn ló rí láti fọhùn. *Kọ̀ọ̀ọ̀!* Ìdí Ìyá Àgbà gan-an ni ohùn náà ti jáde. Gbogbo ilé di òkúta. Ìyá Àgbà ò gbójú sókè, ó ń yí tẹ̀sùbáà rẹ̀. *Kọ̀ọ̀ọ̀!*

Akọ̀wé Ìlú wo ibẹ̀ díẹ̀. Ó tẹrí ba. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá," ó wí. "Ẹ máa rọra jẹun."

Ó yí sí mi. "Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ bá mi dé òdìkejì."

Òun ló ń pè mí ní ẹ̀yin, èmi aránṣọ lásán! Ọ̀nà tóóró yìí ni a sọdá, ó sì dà bí ẹni pé mò ń sọdá òkun. Mi ò tẹ ilẹ̀ ọ̀hún láti ọjọ́ àgbò. Ilé Alágbẹ̀dẹ dákẹ́, ẹwìrì ò fẹ́. Wọn ò da ìkòkò kankan dé. Mógàjí tiwọn, bàbá kúkurú kan tí iná ti jó irun ọwọ́ rẹ̀ tán, kí wa, kò sọ̀rọ̀ páànpù rárá. Ó yíjú sí ẹ̀yìn, ó ní, "Sìdí."

Ẹ má wo yàrá báyìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn mi.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan jáde pẹ̀lú ife kékeré kan. Ó kúnlẹ̀. Omi inú rẹ̀ pọ́n bí omi tí wọ́n fi fọ ọwọ́ mọlé-mọlé. "Ẹ má bínú, sà," ó wí. "Omi àlejò nìyí. Bí a ò bá fi pamọ́, a ò ní í rí fún yín. Odò ti lọ sílẹ̀."

Akọ̀wé Ìlú gbé e mu, ó mu ún tán pátápátá, kò yọ nínú ẹ̀, kò fajú ro. Sìdí bu ìwọ̀nba tó kù nísàlẹ̀ ìkòkò, ó nà án sí mi.

"Òùngbẹ ò gbẹ mí," mo wí.

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹnu yín gbẹ bí èèpo ẹ̀pà," ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ fi sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ohun tí wọ́n ń pè lómi."

Ó ti gbọ́. Ọ̀nà ò fẹ̀, mo ti sọ fún yín.

Lọ́jọ́ kejì, mẹ́sẹ́njà dé láti Mápó. Akọ̀wé Ìlú ń pe Mógàjí ilé méjèèjì. Omi ọ́fíìsì òun ti tán, ó ní kí kálukú jọ̀wọ́ gbé omi mímu dání láti ilé rẹ̀.

"Ṣé omi ni wọ́n ń gbé lọ ẹ̀wọ̀n báyìí ni?" ni Bàbá Ràfátù wí.

Gbólóhùn yẹn ló pa mí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa lé e bá; tiwa ò tiẹ̀ lo ogún ọdún, kò lo wákàtí kan. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ máṣínì mi. Mo wọ ṣòkòtò mẹ́ta léra wọn nítorí òtútù ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Oòrùn Ìbàdàn, ṣòkòtò mẹ́ta, mo sì tún gbé jọ́ọ̀gì omi gun òkè Mápó. Mógàjí wa ń gun ọwọ́ ọ̀tún àtẹ̀gùn, ti ilé Alágbẹ̀dẹ ń gun ọwọ́ òsì, Sìdí tẹ̀lé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ìgò omi kan. Ẹnikẹ́ni ò wo ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo dé ibi àwọn òpó ńlá yẹn, mo rò pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ wò mí.

Akọ̀wé Ìlú fún àwọn àgbà ní àga. Ó ní, "Ẹ̀yin baba mi, oòrùn ti pa yín. Ẹ jẹ́ ká mu omi kí a tó sọ ohunkóhun."

Ó gba jọ́ọ̀gì lọ́wọ́ mi, ó gba ìgò lọ́wọ́ Sìdí. Òun fúnra rẹ̀ ló bu omi sínú ife gíláàsì méjì. Ó gbé tiwa ka iwájú Mógàjí ilé Alágbẹ̀dẹ. Ó gbé tiwọn ka iwájú Mógàjí wa. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó ká ọwọ́ lé itan.

Mo fẹ́ kí ẹ rí i bí mo ṣe rí i. Àgbà méjì tí kò mu omi ara wọn láti ìgbà àgbò. Bí ọ̀kan bá kọ̀ ọ́ lójú àjèjì, òun ló fi ara rẹ̀ hàn ní aláìníwà. Bó bá mu ún, ìjà tán. Erùpẹ̀ ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ife tó wà níwájú Mógàjí wa. Mo ń gbọ́ ọkàn mi nínú ṣòkòtò kẹta.

Bàbá Alágbẹ̀dẹ ló kọ́kọ́ gbé tiẹ̀. Ó ní bísímílà, ó mu ún, ó sì dúró, ó gbé ife náà sókè sí ojú fèrèsé. "Mò ń rí ìka mi," ó wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Mò ń rí ìka mi láti inú omi."

Mógàjí wa gbọ́ ọ. Ó wo ife iwájú rẹ̀. Kò rí ìka kankan. Ó gbé e, ó mu ún tòun ti ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo gbọ́ nígbà tí iyanrìn kan eyín rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

"Láti ìgbà wo?" ó wí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá wọn sọ nìyẹn láti ọjọ́ àgbò.

"Láti ìgbà tí àwọn baba wa ti dé ibẹ̀. Àpáta ló wà lábẹ́ wa. Gbogbo ibi tí a gbẹ́, iná ló ń ṣẹ́."

"Ẹ ò sì sọ."

"Ta ni ká sọ fún?"

Mógàjí wa gbé ife sílẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo òrùlé. Ó yíjú sí Akọ̀wé Ìlú. "Ẹ gbé e fún wọn."

"Kí ni kí n gbé, Baba?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n."

"Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín ni, sà. Bí ó bá ti ẹnu mi jáde, ti káńsù ni. Ìjà yóò kù nílẹ̀."

"Páànpù," Mógàjí wí, ohùn rẹ̀ sì yí òkúta. "Ẹ ri páànpù sójúde wọn. Àwa… àwa ní kànga."

"Mo mọ̀, sà," ni Akọ̀wé Ìlú wí. "Ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ ti kí mi."

Bàbá Alágbẹ̀dẹ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Tiwa tẹ̀lé e. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí Mógàjí wa fi di apá èkejì rẹ̀ mú kó má baà ṣubú. Akọ̀wé Ìlú nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó ti ń wá gègé rẹ̀. Ẹnì kan ní gọ́tà tún ti dí níbì kan.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, Sìdí na ìgò sí mi. Ìwọ̀nba ló kù. "Ṣé òùngbẹ ò tíì gbẹ yín?" ó bi mí. Ṣòkòtò mẹ́ta, oòrùn, ìbẹ̀rù. Mo mu ún. Ó dùn, ẹ má dá mi lóhùn, iyanrìn inú rẹ̀ gan-an dùn.

"Irọ́ lẹ̀ ń pa fún wọn!" Ẹ gbọ́ ọ bí? Láti yàrá. "Ẹ fajú ro bí ẹni mu àgbo!"

Ó dáa, mo fajú ro. Ṣùgbọ́n mo mu ún tán. Ìyẹn lẹ ṣe fẹ́ mi, Àlàájà.

Wọ́n ri páànpù síbẹ̀. Àwọn obìnrin wa tí kò ní ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ débẹ̀ láràárọ̀. Wọ́n ní omi rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ọṣẹ hó. Wọ́n ń sọ pé ẹ káàárọ̀, kò pa ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọdún Òkè'bàdàn dé, ọjọ́ tí a kì í dáná, tí a máa ń jẹ ẹ̀kọ tútù, tí ẹnu kì í sì í ní ìlẹ̀kùn, àwọn ọmọ ilé Alágbẹ̀dẹ ti gbé orin kalẹ̀ dè wá:

Ẹlẹ́ní ò ní kànga o,
Ẹní ni wọ́n ní!
Ẹ bá wa ká a, ẹ bá wa ká a,
Ká wo ohun tó ń dún nídìí Ìyá!

Ta ló jó sí i jù? Ìyá Àgbà ni. Ó fi tẹ̀sùbáà kọ́rùn, ó ń dáhùn: *kọ̀ọ̀ọ̀!*

Mi ò ní í sọ fún yín pé ayé ìgbà náà dára ju tìsinyìí lọ. Ẹ̀yin ò mọ sòbìà, kòkòrò tó ń bá omi odò wọ ẹsẹ̀ èèyàn. Ẹ̀yin ò mọ bí orí ṣe ń rí lábẹ́ garawa. Páànpù náà ti gbẹ, kùkùté irin rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta káàdì yẹn, bọ́hóòlù ló kù. Akọ̀wé Ìlú padà sí ìlú rẹ̀, ó kú síbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, mo ti rí àwọn tó ń gba àdúgbò yìí kọjá pẹ̀lú sáírìn, gíláàsì dúdú, wọn ò sọ̀ kalẹ̀, wọn ò mu omi ẹnikẹ́ni. Mo rò pé irú rẹ̀ ti tán.

Àná ni mo jókòó síbí, mo gbọ́ kó, kó, kó. Mo búra fún yín, mo tẹrí ba bí ẹni tó wà nídìí máṣínì. Ọjọ́ orí mi yìí! Mo wo ṣòkòtò mi, ọ̀kan péré ni mo wọ̀. Obìnrin náà ló yọ, bàtà onígìgísẹ̀, ó fi mọ́tò rẹ̀ sí Bẹẹrẹ nítorí pé ọ̀nà wa ò gbà á. Ó ní òun ni olórí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù, òun wá wo ìdí tí omi òjò fi ń wọlé àwọn ará ìsàlẹ̀. Múdà, bàbá rẹ sì dìde, ó túnṣọ ṣe, ó ní, "Mà, àwa nílé yìí, a ò da ìdọ̀tí sí gọ́tà rí." Ẹ̀yìn rẹ̀ níbẹ̀ ni òkìtì ìdọ̀tí tí gbogbo yín fi tapólì bò láàárọ̀ kùtùkùtù, tí ẹ sì gbé àga lé lórí, tí ẹ ní kí èmi jókòó lé e.

Èmi! Èmi lẹ fi ṣe Ìyá Àgbà! Ẹ wá ń bi mí pé kí ló pa mí lẹ́rìn-ín?

Àlàájà ò mọ̀ nípa ètò yín. Ó ti gbé omi jáde, lórí àwo, bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo àlejò láti ọjọ́ tó ti wọlé yìí. Obìnrin náà sì ní ìgò omi tiẹ̀ lọ́wọ́, èyí tí wọ́n fi èdìdì dì. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ dé ibi tó máa dé. Ó wo ife, ó wo ìgò. Ó ti ìgò bọ inú báàgì, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà," ó sì mu ún.

Nígbà tí mo wọlé, Àlàájà bi mí pé, "Ṣé ó mu ún?"

Mo ní, "Ó mu ún tán."

Ó gba ife lọ́wọ́ mi. Ó kàn ń fọ ife náà, ó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Obìnrin káńsù náà ní òun ń padà bọ̀ lọ́la. Nítorí náà, ẹ dìde. Múdà, gbé ṣọ́bìrì. Ẹ̀yin yòókù, ẹ ká tapólì yẹn kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má sọ fún mi pé kò rí i. Ó dágbére fún bàbá yín, ó dágbére fún Àlàájà, lẹ́yìn náà ló wá síwájú mi, ó wo àga, ó wo abẹ́ àga, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Baba. Ẹ máa rọra jókòó."